Ọjọ́ Tí Mo Ti Ojú Òkè Pa

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n ìyá mi gbọ́ pé wọn ò ní pè mí padà sẹ́nu iṣẹ́, ẹ̀rín ni wọ́n rín. Wọ́n ní, "Ọlọ́run ló ṣe é." Mi ò bá wọn ṣe àmín.

Pálọ̀ ìyá mi ní Peckham, nílùú Ọba, la wà. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti ilẹ̀ Faransé ni, níbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́ olùṣọ́ òkè yìnyín. Àwọn èèyàn máa ń lọ síbẹ̀ lásìkò òtútù láti fi síkì, pákó gígùn tí wọ́n ń dè mọ́ ẹsẹ̀, yọ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Iṣẹ́ tiwa ni kí a ti gòkè kí ẹnikẹ́ni tó jí, kí a wo ibi tí yìnyín kóra jọ sí tó fẹ́ ya lulẹ̀. Bí a bá rí i pé ó léwu, a ó ju ohun abúgbàù sí i kó lè ya lójú wa, nígbà tí kò tíì sí ẹni tó máa bò mọ́lẹ̀. Bí kò bá ya, tí ọkàn wa ò sì balẹ̀, a ó ta okùn dí ọ̀nà, ẹnì kankan ò gbọdọ̀ kọjá. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá sì kán lókè, àwa náà là ń gbé e sọ̀ kalẹ̀.

Ilé-ìwé ló kọ́kọ́ mú mi débẹ̀, nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́rìnlá. Tíṣà wa kó àwa mélòó kan láti Peckham lọ fi ìsinmi kọ́ síkì. Mo ṣubú, mo tún ṣubú, títí ojú fi ń tì mí. Mo bá jókòó pa sínú yìnyín, mo ní mi ò ṣe mọ́. Ibẹ̀ ni mo wà tí obìnrin kan tó wọ jákẹ́ẹ̀tì pupa fi kọjá níwájú mi. Ó di ọkùnrin gìrìwò kan mọ́ orí ọkọ̀ pẹlẹbẹ tí ń yọ̀ lórí yìnyín, ó ń tọ́ ọ sọ̀ kalẹ̀ níbi tó dà bí ògiri, kò sì wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rárá. Mo bi tíṣà pé iṣẹ́ wo nìyẹn. Nígbà tí wọ́n ṣàlàyé tán, mo ní, "Òun lèmi máa ṣe." Wọ́n rò pé mò ń ṣe yẹ̀yẹ́.

Mummy ò rò bẹ́ẹ̀. Wọ́n mọ̀ mí. Iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ni wọ́n ń ṣe ní Sydenham, bọ́ọ̀sì àárọ̀ kùtù ni wọ́n ń wọ̀ lọ, nígbà tó bá sì di ọjọ́ ìsinmi, wọ́n á wọ aṣọ funfun lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n wò mí láti orí délẹ̀. "Yìnyín kẹ̀? Èyí tó máa ń já bọ́ ní Rye Lane tá ò ní lè jáde, òun lo fẹ́ lọ bá nílé ẹ̀?"

Mo lọ bá a nílé ẹ̀. Nígbà tí mo jáde ní ilé-ìwé, mo lọ ń gbálẹ̀ yàrá ní òtẹ́ẹ̀lì kan lábẹ́ òkè náà. Ọwọ́ àwọn tá a jọ ń gbálẹ̀ ni mo ti kọ́ èdè Faransé. Lọ́sàn-án, bí mo bá ti kúrò lẹ́nu iṣẹ́, mo wà lórí síkì. Mo fìdí rẹmi nínú ìdánwò àwọn olùṣọ́ òkè, mo tún un ṣe, mo yege. Mummy sọ fún àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì pé nọ́ọ̀sì ni mí lókè òkun. Nígbà tí mo wálé, Aunty kan dì mọ́ mi lẹ́yìn ìsìn, ó ń pè mí ní nọ́ọ̀sì wa. Mo ní, "Ẹ má bínú, mà. Èmi kì í ṣe nọ́ọ̀sì. Bọ́ǹbù ni mò ń jù." Mummy fà mí lápá jáde kí Aunty náà tó lè bi mí léèrè.

Àwọn tó wà lórí òkè náà ní tiwọn. Ọkùnrin kan fi orúnkún ṣèṣe, mo dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, mo kúnlẹ̀ tì í, ó ń wo ẹ̀yìn mi. Ó ní ìgbà wo ni àwọn olùṣọ́ òkè máa dé. Mo ní, "Wọ́n ti dé." Mo dì í, mo gbé e sọ̀ kalẹ̀. Kò dúpẹ́, mi ò sì dúró gbọ́ ọ. Wọ́n máa ń bi mí pé kí ni ọmọ Yorùbá wá ṣe nínú yìnyín. Ohun tí gbogbo yín wá ṣe ni, ni mo máa ń dá wọn lóhùn, àfi pé èmi mọ̀ ọ́n ṣe jù yín lọ.

Ọdún tí mò ń sọ yìí, àwọn ọmọ ilé-ìwé wà nísinmi, èrò kún òkè bámúbámú. Afẹ́fẹ́ ti jà mọ́jú, ó ti gbá yìnyín jọ sí apá kan. Èmi àti alábàáṣiṣẹ́ mi kan la lọ síbẹ̀ láàárọ̀, bàbá kan tó ti wà lẹ́nu iṣẹ́ náà kí wọ́n tó bí mi. A ju ohun abúgbàù. Ó dún gbàù, òkè mì, ẹ̀fúùfù gbé èéfín lọ, yìnyín ò mira. A tún jù ú. Kò ya.

Bàbá yẹn di okùn mọ́ mi nídìí, ó dì í mú, mo rọra gun etí ibẹ̀ láti yẹ̀ ẹ́ wò. Bí mo ṣe tẹ síkì mọ́lẹ̀, abẹ́ mi dún gbìmù, gbogbo ibẹ̀ sì rì díẹ̀, bí ìgbà tí àga gba èèyàn wúwo. Ojú yìnyín là tín-ín-rín níwájú mi, ó lọ jìnnà. Mo mọ ohun tó wà nísàlẹ̀. Ó dà bí ìgbà tí èèyàn tẹ́ páálí sórí gàrí gbígbẹ níbi tó dagẹ̀rẹ̀. Páálí náà lè dúró o. Ó sì lè má dúró. Mo rọra padà sẹ́yìn, mo ta okùn dí ọ̀nà náà, mo sì sọ lórí rédíò pé mo ti tì í.

Ọ̀gá tó ń bójú tó gbogbo òkè náà dáhùn pé, "Ṣebí ẹ ti ju bọ́ǹbù, kò sì ya?"

"Kò ya."

"Ṣí i nígbà náà."

"Mi ò ní ṣí i."

Kò pẹ́ tí òun fúnra rẹ̀ fi gòkè wá bá wa. Ojú rẹ̀ pọ́n. Ó ní ọ̀nà yẹn ni gbogbo ayé ń wá ibẹ̀ fún, pé èrò ti tò sísàlẹ̀, pé inú ń bí wọn.

Mo ní, "Ẹ jẹ́ kó máa bí wọn. Ẹni tínú ń bí ṣì ń mí."

"Ta lo rò pé o jẹ́?"

"Èmi ni mo lọ dúró lórí rẹ̀. Ẹ gbé rédíò yín, ẹ sọ ọ́ kí gbogbo wa gbọ́ pé ẹ̀yin lẹ ní ká ṣí i. Màá sì fọwọ́ ara mi ká okùn náà fún yín."

Ó yíjú sí alábàáṣiṣẹ́ mi. Bàbá náà ń tún ìbọ̀wọ́ rẹ̀ wọ̀, ó ń tún un bọ́. Mi ò dá a lẹ́bi. Ó kù díẹ̀ kó fẹ̀yìn tì. Ọ̀gá wo rédíò, ó wo òkè, ó wò mí. Kò sọ ọ́. Ó yí síkì rẹ̀ padà, ó bá tiẹ̀ lọ.

Okùn mi wà níbẹ̀ títí ìsinmi fi parí. Yìnyín ò ya. Nígbà tó yá, oòrùn mú, yìnyín ibẹ̀ dì mọ́ra, ewu kọjá, a ká okùn, àwọn èèyàn ń gba ibẹ̀ kọjá, wọ́n ń fi mí rẹ́rìn-ín. Nígbà tí òtútù lọ tán, ọ̀gá pè mí sí ọ́fíìsì, ó ní wọn ò ní pè mí padà, pé èmi le jù láti bá ṣiṣẹ́. Mo bọ́ jákẹ́ẹ̀tì wọn sórí tábìlì, mo jáde.

Ìdí nìyẹn tí mo fi wà ní pálọ̀ Mummy, tí ẹ̀gbọ́n wọn ń rẹ́rìn-ín. Mummy ló ránṣẹ́ pè wọ́n kí wọ́n wá bá mi sọ̀rọ̀. Mummy gan-an kò jókòó. Wọ́n dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, wọ́n ń lọ aṣọ funfun tí wọ́n máa wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì.

Uncle ní àwọn ti rí iṣẹ́ fún mi ní ọsibítù kan ní Camberwell, kí n máa ti aláìsàn káàkiri lórí kẹ̀kẹ́. "Iṣẹ́ gidi," wọ́n wí, "nínú ilé tó ní hítà."

"Iṣẹ́ dáadáa ni, sà. Kì í ṣe iṣẹ́ mi ni."

"Èwo wá niṣẹ́ ẹ? Jẹ́ n bi ẹ́. Yìnyín tó o torí ẹ̀ bá ọ̀gá ẹ jà, ṣó padà ya?"

"Kò ya, sà."

"Ó pa ẹnikẹ́ni?"

"Rárá, sà."

"Ìwọ lo ṣì í nìyẹn. Agídí ẹ ló gbaṣẹ́ lọ́wọ́ ẹ."

"Mi ò ṣì í, sà. Bí wọ́n bá gbé mi padà síbẹ̀ lọ́la, màá tún tì í."

Uncle na ọwọ́ sí Mummy. "Ṣó o gbọ́ ọmọ ẹ?"

Mummy gbé áyọ́ọ̀nù dúró. Mo rò pé èmi ni wọ́n máa yíjú sí. "Bọ̀dá mi," ni wọ́n wí, "ẹ rántí nígbà tí ẹ̀rọ tá a fi ń gbé àwọn arúgbó bàjẹ́ níbi iṣẹ́ wa? Mánéjà ní kí n dá gbé ìyá kan dìde lórí bẹ́ẹ̀dì. Èmi nìkan. Mo ní mi ò gbé e. Ìyá ń sunkún, mánéjà ń pariwo, mo jókòó tì í, mo di ọwọ́ ẹ̀ mú títí wọ́n fi wá ẹlòmíì wá. Ìyá yẹn ò ṣubú. Ṣé torí pé kò ṣubú lẹ ṣe máa sọ pé mo ṣì í?"

Uncle ní ọ̀rọ̀ yẹn yàtọ̀.

"Níbo ló ti yàtọ̀? Ẹ̀mí ò láàrọ̀."

Inú mi dùn débi pé mo fẹ́ẹ́ pariwo. Mummy rí i lójú mi. "Má rẹ́rìn-ín o. Mi ò fẹ́ràn iṣẹ́ yẹn, mi ò sì ní fẹ́ràn ẹ̀ láéláé. Ojoojúmọ́ ni mò ń gbàdúrà pé kó o fi í sílẹ̀. Àmọ́ kò sẹ́ni tó máa jókòó sínú ilé mi kó sọ pé ó yẹ kó o ṣí i."

Uncle mu tíì wọn tán, wọ́n dé fìlà, wọ́n lọ. Ó pẹ́ kí wọ́n tó tún bá mi sọ̀rọ̀. Mi ò lọ sí Camberwell. Mo fi ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn yẹn bá àwọn kan gé igi ní Nunhead, mo ń gun òkè igi pẹ̀lú okùn nídìí, mo sì ń wáṣẹ́ kiri lórí àwọn òkè mìíràn. Ibi tí wọ́n bá ti bi mí pé kí ló lé mi níbi tí mo wà, mo máa ń sọ ọ́ bó ṣe rí. Àwọn kan ò pè mí padà. Òkè kékeré kan pè mí.

Ibẹ̀ ni mo wà báyìí nígbà òtútù. Obìnrin ni ọ̀gá mi, àwa méjèèjì sì ti bá ara wa fa ọ̀rọ̀ lórí okùn ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ìgbà kan wà tó ní kí n ṣí ọ̀nà tí mo tì. Ó bá mi lọ síbẹ̀, a jọ fi ṣọ́bìrì gbẹ́ ihò sínú yìnyín, a jọ kúnlẹ̀ wò ó ní ìpele-ìpele, mo sì rí i pé òótọ́ ló sọ. Mo ká okùn. Níjọ́ mìíràn, òun ló wò ó tó ní kí n fi í sílẹ̀ ní títì. Kò sí nínú àwa méjèèjì tó bẹ ẹnì kejì pé kó má bínú.