Páàdì tí Kọ̀ǹpútà Urho Kò Rí

Ọwọ́ Urho Lampela máa ń yá ju ẹnu rẹ̀ lọ. Ọwọ́ náà ló fọ́ imú ọ̀gá rẹ̀ nílé iṣẹ́ pákó ní Kemi, ní ilẹ̀ Finland, òun náà ló lé Kirsti ìyàwó rẹ̀ jáde nílé. Adájọ́ ní kó má rí Aune, ọmọ rẹ̀ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án tó ń gbé lọ́dọ̀ Kirsti, mọ́, àfi wákàtí kan lọ́sàn-án Sátidé, kí wọ́n jọ máa gbá géèmù lórí kọ̀ǹpútà, oníkálukú nílé tirẹ̀. Bó bá tún lu ẹnikẹ́ni, wákàtí ọ̀hún lọ nìyẹn.

Sátidé kan, kọ̀ǹpútà Urho lóun ò rí páàdì kankan, ìyẹn ohun tí wọ́n ń dì mú gbá géèmù. Ó yọ wáyà páàdì, ó tún un kì bọ̀ ọ́. Ó pààrọ̀ wáyà. Ó pàṣẹ fún Linux, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà rẹ̀, pé kó gbé dráfà wọlé, ètò kékeré tó ń jẹ́ kí ẹ̀rọ dá páàdì mọ̀, Linux ní dráfà kò sí. Urho fi ẹ̀ṣẹ́ lu tábìlì, kọ́ọ̀pù kọfí já bọ́, ó fọ́. Aune ń dúró lórí fóònù.

Tapani àbúrò rẹ̀, tó wá wẹ sauna, ìwẹ̀ olóoru àwọn ará ibẹ̀, bi í pé ìgbà wo ló pa ẹ̀rọ náà gbẹ̀yìn. Urho ní ó ti tó irinwó ọjọ́ ó lé mọ́kànlá. Irú rẹ̀ pọ̀ láàárín àwọn tó ń lo Linux, àwọn tó ń fi iye ọjọ́ tí kọ̀ǹpútà wọn kò sinmi yangàn bí ẹni joyè. Ìgbéraga òfo ni, lójú tèmi.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbé Linux tuntun sórí ẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá, àmọ́ ti àtijọ́ ló ṣì ń ṣiṣẹ́. Ti tuntun ti kó dráfà ti àtijọ́ dà nù. Ẹ pa á, kẹ́ ẹ tún un tàn."

"Má fọwọ́ kàn án, Tapani."

"Ṣé ẹ̀rọ yìí lẹ bí ni, àbí Aune?"

Tapani fa wáyà iná yọ.

Ojú Urho ṣú. Ẹ̀ṣẹ́ àkọ́kọ́ yọ eyín Tapani, ìkejì gbé e lu ògiri. Nígbà tó ṣubú, Urho jókòó lé e láyà, ó di irun rẹ̀ mú, ó ń gbá orí rẹ̀ mọ́ pákó ilẹ̀, Tapani sì ń bẹ̀ ẹ́ títí ohùn rẹ̀ fi há. Inú bíbí ò da nǹkan, ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ ọ́ fún Urho?

Nígbà tó rẹ̀ ẹ́, ó ki wáyà bọ̀ ọ́ fúnra rẹ̀. Kọ̀ǹpútà tàn, iná páàdì sì tàn. Ó nu ẹ̀jẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ sára ṣòkòtò, ó gbé fóònù tí kò tíì pa látìgbà yẹn.

"Aune, kọ̀ǹpútà ti rí páàdì o. Jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀."

Ọmọ náà ń sunkún.

"Dádì, ṣé Bọ̀dá Tapani ṣì wà láàyè?"

Kirsti gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀.