Bí Mìsítúrà Ṣe Ní Kí Màmá Ileana Dìde

Ẹni tó bá sọ fún Mìsítúrà pé nǹkan kan ò ṣeé ṣe, ìjà ló ń wá. Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ní Peckham, nílùú London, ló ti ń ṣiṣẹ́. Ibẹ̀ ni wọ́n gbé Màmá Ileana, ará Romania, wá. Màmá ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, orí àga ni wọ́n sì máa ń wà látàárọ̀ dalẹ́.

Mánẹ́jà ní, "Ẹ fi wọ́n sílẹ̀ bẹ́ẹ̀."

"Kí ẹsẹ̀ wọn wá gan? Mi ò gbà!"

Mìsítúrà bi fóònù rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń sọ "get up" lédè Romania. Doina, ọmọ Romania tó ń gbálẹ̀ níbẹ̀, gbọ́ ohun tí fóònù sọ, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Aunty, ẹni tó ń sùn lèyí wà fún. Ti ẹni tó jókòó ni *ridicați-vă*."

Nínú bọ́ọ̀sì, títí dé Catford, Mìsítúrà ń pè é lápètúnpè.

Nígbà tílẹ̀ mọ́, ó dé iwájú màmá. Ṣé kó wá dúró gbagidi kó máa pàṣẹ fún àgbà ni? Ó kúnlẹ̀. "*Ridicați-vă*, Mummy."

Màmá lanu. Doina pariwo pé, "Ọlọ́run nìkan là ń kúnlẹ̀ fún nílùú wa!"

Màmá di àga mú, wọ́n dìde, wọ́n sì na ọwọ́ méjèèjì láti fa Mìsítúrà sókè.

Láti ọjọ́ náà, àràárọ̀ ni Mìsítúrà ń kúnlẹ̀. Kì í sì í dìde, àfi tí màmá bá wá gbé e.