Wọ́n Ní Mo Ń Fi Eérú Bọ́ Ọkọ Mi

Mo rántí ìgbà tí ìyá ọkọ mi bá mi ní ẹ̀yìnkùlé wa ní Ìkàrẹ́, tí mo ń da omi eérú sínú ìkòkò àgbàdo tí mo fẹ́ sè fún ọmọ rẹ̀. Kò bi mí léèrè ohun tí mò ń ṣe. Ó wo ìkòkò, ó wo ojú mi, ó sì yí padà wọlé. Ká ní ó bèèrè ni, bóyá n kì bá tí ní ìtàn yìí láti sọ.

Èkìtì ṣì wà pẹ̀lú wa nínú Ìpínlẹ̀ Oǹdó nígbà náà. Ọkọ mi ń wa mọ́tò lọ sí Ọ̀wọ̀, iyán ló ń jẹ lọ́sàn-án, òun náà ló ń jẹ lálẹ́, títí dókítà fi sọ fún wa pé ìtọ̀ ṣúgà ló ń ṣe é. Ó ní kí ó dín iyán àti epo kù gidigidi, kí ó máa jẹ ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, àìsàn náà lè ba ojú tàbí ẹsẹ̀ rẹ̀ jẹ́. Ẹ̀rù bà mí.

Kí n tó relé ọkọ, mo ti bá nọ́ọ̀sì kan tó wá láti Mẹ́síkò ṣiṣẹ́ ní Ọ̀kà, èmi ni mò ń bá a dáná. Obìnrin náà kì í jẹ oúnjẹ inú agolo. Àgbàdo wa, ẹ̀wà wa, ata wa àti píà tó ń já bọ́ lẹ́yìn ilé ló fi ń se oúnjẹ tí ìyá rẹ̀ kọ́ ọ. Ó fi hàn mí bí a ṣe ń fi omi eérú se àgbàdo títí èèpo rẹ̀ yóò fi bó, tí a óò ṣan án ní omi mẹ́rin márùn-ún, kí a tó lọ̀ ọ́ lórí ọlọ, kí a tẹ́ ẹ pẹlẹbẹ, kí a sì yan án lórí páànù gbígbẹ láìsí epo. Tọtíyà ló ń pè é. Ẹ̀wà la máa ń fi sínú rẹ̀, pẹ̀lú píà tí a gún mọ́ ata, àlùbọ́sà àti omi ọsàn wẹ́wẹ́. Pẹ̀lú ìwà òmùgọ̀ ọmọdé, mo rò pé n ó fi oúnjẹ yìí di olókìkí ní gbogbo Àkókó.

Òun ni mo wá ń gbé ka iwájú ọkọ mi, méjì péré lẹ́ẹ̀kan, tí ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́ pọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Láàárín oṣù mélòó kan, ara rẹ̀ fúyẹ́, òùngbẹ tó ń gbẹ ẹ́ tọ̀sán-tòru dín kù. Dókítà yìn ín. Òun náà yìn mí, ṣùgbọ́n inú yàrá nìkan ló ti ń yìn mí.

Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ kan ni wọ́n pè mí sí ìpàdé ẹbí. Ìyá ọkọ mi ní omi eérú ni a fi ń ṣe ọṣẹ, pé mo ń fi ọṣẹ fọ ìfun ọmọ òun, ìdí nìyẹn tó fi ń rù. Mo ṣàlàyé títí. Mo ní kí n gbé e wá kí n jẹ ẹ́ lójú wọn. Olórí ẹbí rẹ́rìn-ín.

“Ìyàwó, iyán loúnjẹ, ọkà loògùn, àìrí rárá là ń jẹ̀kọ, kẹ́nu má dilẹ̀ ni ti gúgúrú. Ṣé ọmọ wa ò wá rí iyán jẹ mọ́ ni?”

Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àgbà márùn-ún ló jókòó lọ́jọ́ náà, ojú wọn ni orí náà sì ṣe wọ́. Mo yíjú sí ọkọ mi, ẹni tí dókítà bá sọ̀rọ̀, ẹni tó ń pọ́n ìka lá nídìí píà mi. Ilẹ̀ ló ń wò. Ó ní, “Ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́ kó máa gúnyán.”

Inú bí mi. Ó dùn mí wọra pé ó fi mí sílẹ̀ láàárín wọn. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà mo gún iyán. Mo gún un lọ́jọ́ kejì, mo gún un fún ọdún mẹ́ta gbáko, epo sì léfòó lórí ọbẹ̀. Mo ń sọ nínú ara mi pé iyán ni wọ́n fẹ́, kí wọ́n jẹ iyán.

Ọgbẹ́ kékeré kan lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ ni kò jinná. Nígbà tí wọ́n gé ẹsẹ̀ náà nísàlẹ̀ orúnkún, gbogbo ẹbí péjọ sílé ìwòsàn. Ìyá ọkọ mi di ọwọ́ mi mú, ó ń sunkún.

“Ìwọ tí o gbọ́ tẹnu dókítà, kí ló dé tí o ń gún iyán fún un?”

Obìnrin náà ti kú tipẹ́, kí Ọlọ́hun forí jì í. Ọkọ mi ṣì wà, ohun tí mo bá sè ló ń jẹ, kò sì sẹ́ni tó ń pe ìpàdé mọ́. Ìbéèrè yẹn ti bí mi nínú fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó ń bí mi nínú bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí. Mo pè é ní àìlójútì, àìlójútì náà sì ni. Ṣùgbọ́n n kò tíì rí èsì rẹ̀. Wọ́n pàṣẹ iyán lóòótọ́, ọkọ mi ló sì jẹ ẹ́, àmọ́ ọwọ́ mi ló di ọmọ odó mú, mo sì mọ ohun tí mò ń gún.