Ijó Kékeré Tí Wọn Ò Kọ Òpin Sí

Nígbà tí mo kọ́kọ́ sọ fún ìyá mi pé mò ń kọ́ wọ́ọ́sì ní Sùúrùlérè, wáàsí ló gbọ́. Ó gbé atẹ ìrẹsì tó ń ṣà kalẹ̀, ó wò mí láti òkè délẹ̀. "Wáàsí? Ìwọ tí o kì í jí kírun àárọ̀? Ta ló fẹ́ gbọ́ wáàsí lẹ́nu rẹ?" Mo ṣàlàyé pé ijó òyìnbó ni, pé dùùrù ni mò ń tẹ̀. Ó ní ìyẹn tún wá burú sí i. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá ti ń wọ bàtà láàárọ̀ Sátidé, á ní, "Àfáà wa ti ń lọ o."

Ilé iṣẹ́ ọ̀dà kan ní Ìlúpéjú ni mo ti ń ṣiṣẹ́ nígbà náà. Yàrá kan ni èmi àti ìyá mi ń gbé ní Múṣin. Mi ò ní dùùrù, mi ò sì rí ọ̀nà tí mo fi lè ní in. Obìnrin àgbàlagbà kan tó ti fẹ̀yìn tì nídìí iṣẹ́ olùkọ́ orin ló gbà mí láàyè kí n máa wá tẹ tirẹ̀, lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ilé rẹ̀, tí kò jìnnà sí Ojú Ẹlẹ́gbà. Màmá ni mo ń pè wọ́n. Opó ni wọ́n, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí ń gbé ní Ìbàdàn, àwọn ayálégbé ló wà nísàlẹ̀. Aago mẹ́wàá Sátidé ni àkókò tèmi. Bó bá jẹ́ Sátidé tó kẹ́yìn oṣù, màá ní sùúrù kí ìmọ́tótó tí ìjọba ológun pàṣẹ parí kí n tó jáde nílé.

Àwọn ijó kúkúrú tí àwọn òyìnbó ayé àtijọ́ kọ fún dùùrù ni Màmá fẹ́ràn: wọ́ọ́sì, àti èyí tí wọ́n ń pè ní masọ́kà. Ojú ewé kan, ó pọ̀ jù kó jẹ́ méjì. Èèyàn á ti tẹ̀ ẹ́ tán kí omi tó hó lórí sítóòfù. Ení, èjì, ẹ̀ta, bẹ́ẹ̀ ni ìlù wọn ń lọ. Ẹni tó bá gbọ́ pé ijó ni yóò rò pé orin ayọ̀ ni. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀, àfi ìgbà tí mo wọ inú wọn tí ẹ̀rù bẹ̀rẹ̀ sí í bà mí. Ọwọ́ ọ̀tún á máa yọ̀, ọwọ́ òsì á máa sọ nǹkan mìíràn nísàlẹ̀, wúyẹ́wúyẹ́, bí àwọn àgbà tó ń sọ̀rọ̀ òkú ní yàrá kejì tí wọn ò fẹ́ kí ọmọdé gbọ́. Nínú masọ́kà, ìlù tó yẹ kó fúyẹ́ ló máa ń wúwo. Mo sọ fún Màmá pé ńṣe ló dà bíi kí ẹnì kan máa gun àtẹ̀gùn bọ̀, kó máa wọ́ ẹsẹ̀ kan. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "O ti gbọ́ ọ nìyẹn. Ẹni tó bá ń tẹ̀ ẹ́ bí ijó ìgbéyàwó kò tíì tẹ̀ ẹ́."

Ọ̀kan wà nínú wọn tó kúrú ju gbogbo wọn lọ. Nísàlẹ̀ ìwé rẹ̀, ẹni tó kọ ọ́ ní ká padà síbẹ̀rẹ̀, kò sì sọ ibi tí a ó ti dúró. Mo bi Màmá pé ẹ̀ẹ̀melòó ni ká wá tẹ̀ ẹ́. "Ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ ló máa mọ ìgbà tó tó," ni èsì wọn. Bí ẹ̀kọ́ wa bá ti parí, àwọn fúnra wọn á tẹ̀ ẹ́ fún mi, ẹ̀ẹ̀mejì gééré, wọ́n á sì rọra gbé ọwọ́ kúrò.

Lọ́dún kejì, ó di ẹ̀ẹ̀mẹ́ta. Mi ò ka ìyẹn sí. Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn ọdún kẹta fi máa dé, ó ti di márùn-ún. Mo jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, mò ń kà á sínú. Ọwọ́ wọn ò ṣì rárá, gbogbo ohùn bọ́ síbi tó yẹ kó bọ́ sí. Ohun tó tún bà mí lẹ́rù nìyẹn. Wọ́n á dé ìsàlẹ̀ ìwé, wọ́n á rí i pé kí àwọn padà síbẹ̀rẹ̀, wọ́n á sì padà, bí ẹni tí kò débẹ̀ rí.

Lẹ́yìn náà ló wá kan oògùn. Màmá ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Dókítà ní kí wọ́n máa lo hóró kan láràárọ̀, ọmọ wọn sì ń gbé èyí tó tó oṣù kan wá nínú ìgò. Bí mo bá ti dé, wọ́n á gbé hóró kan mì lójú mi. Lọ́jọ́ kan, láàárín ẹ̀kọ́, wọ́n dìde, wọ́n ní, "Mi ò tíì lo oògùn àárọ̀ yìí o." Wọ́n bu omi, wọ́n gbé òmíràn mì. Mo ṣí ìwé orin sí ojú ewé tó kàn.

Mo lè sọ pé ojú àgbà ni mò ń wò, pé ta ni mo jẹ́ tí màá fi sọ fún irú wọn pé wọ́n ti gbàgbé. Irọ́ ni. Ọmọ wọn, tí mo ń pè ní Àǹtí, ti sọ fún mi rí pé, "Ọjọ́ tí mo bá rí i pé Màmá ò lè dá gbé mọ́, Ìbàdàn ni. Màá ti ilé yìí pa." Inú ilé yẹn ni dùùrù wà. Mo ti lé ní ọmọ ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n, mò ń po ọ̀dà láti Mọ́ńdè di Fúráìdè, òórùn rẹ̀ kì í kúrò lára mi. Wákàtí méjì ọjọ́ Sátidé yẹn nìkan ni mo lè pè ní tèmi. Mi ò fẹ́ kó bọ́ lọ́wọ́ mi. Bó ṣe rí gan-an nìyẹn, kò sí bí mo ṣe fẹ́ sọ ọ́ tó máa dára.

Lọ́jọ́ Sátidé kan tí òjò ṣú dẹ̀dẹ̀, Màmá ń tẹ ijó yẹn. Mo ka méje, mo ka mẹ́jọ. Nígbà tó di ìkẹsàn-án, mi ò lè mú un mọ́ra mọ́, mo gbé ọwọ́ mi lé tiwọn. Wọ́n dúró. Wọ́n yíjú sí mi, wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Ẹ káàbọ̀ o," ni Màmá wí. "Ẹ jọ̀ọ́, ta lẹ ń wá? Mò ń retí ọmọ kan tó máa ń wá kọ́ dùùrù lọ́dọ̀ mi ni. Ẹ jókòó, kò ní pẹ́ dé."

Láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ wọ́n, ìwọ ni wọ́n ń pè mí. Ìwọ, gbé ìgúnpá rẹ sókè. Ìwọ yìí, o tún ti ń sáré. Ọjọ́ yẹn nìkan ni wọ́n fi ẹ̀yin pè mí, jìnnìjìnnì sì bò mí. Mo jókòó bí wọ́n ṣe ní kí n jókòó. Nígbà tó ṣe díẹ̀, ojú wọn là. Wọ́n ní, "Ìgbà wo lo dé? O pẹ́ lónìí." Wọ́n wá na ọwọ́ sí ìgò oògùn. Ìkẹta nìyẹn lójú mi láàárọ̀ ọjọ́ kan ṣoṣo.

Bí mo ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ ni mo pàdé Àǹtí lórí àtẹ̀gùn, wọ́n gbé oúnjẹ wá láti Ìbàdàn, wọ́n sì fẹ́ padà lọ́sàn-án ọjọ́ náà.

"Màmá ńkọ́?" ni Àǹtí bi mí. "Ṣé wọ́n ń lo oògùn wọn?"

"Wọ́n ń lò ó, Àǹtí."

Òótọ́ ni mo sọ, ìyẹn ló sì mú kó burú tó bẹ́ẹ̀. Àǹtí kí mi pé mo ṣeun, wọ́n gòkè, wọ́n gbé ìgò tuntun kalẹ̀ fún ìyá wọn.

Nígbà tí mo dé lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, obìnrin ayálégbé kan ló dá mi dúró lẹ́nu géètì. Ó ní láti àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ ni Màmá ti ń tẹ orin kan náà, láìsinmi, tó fi di ọ̀sán. Ó ní ìgbà tí orin náà dákẹ́ lójijì ni àwọn sáré gòkè, tí àwọn bá wọn nílẹ̀. Dókítà ní ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wọn ti lọ sílẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Ọjọ́ kejì ni wọ́n kú. Ìgò oṣù kan tí Àǹtí gbé wá ní Sátidé tó ṣáájú, hóró mẹ́ta péré ló ṣẹ́kù nínú rẹ̀.

Lẹ́yìn ìsìnkú, Àǹtí ránṣẹ́ pè mí. Mo bá wọn ní yàrá orin, ìgò náà wà lọ́wọ́ wọn.

"Ìwọ lo sún mọ́ Màmá jù," ni Àǹtí wí. "Ṣé o kíyè sí nǹkan kan tó yàtọ̀ lára wọn? Dókítà bi mí, mi ò mọ ohun tí mo lè sọ."

"Rárá, Àǹtí. Mi ò rí nǹkan kan."

Àǹtí mi orí. Wọ́n ní àwọn máa ta ilé náà, àmọ́ àwọn ò ní ta dùùrù. "Tìrẹ ni. Ìwọ nìkan lo dúró tì wọ́n."

Mo kúnlẹ̀ síwájú wọn, ẹkún gbọ̀n mí. Mo fẹ́ jẹ́wọ́ àwọn hóró tí mo rí, mi ò jẹ́wọ́. Àǹtí rò pé ọpẹ́ ni mò ń dú. Wọ́n fà mí dìde, wọ́n nu ojú mi, wọ́n ní kí n lọ wá àwọn tó máa bá mi gbé e.