Oríkì Tí Ìyàwó Mi Ṣe fún Dókítà Ará Ìńdíà

Láàárín ọdún 1984 sí 1986, kò sí ọjọ́ Jímọ̀ kan tí ìyàwó mi, Ìbílọlá, ti ibi iṣẹ́ dé tí kì í rẹ̀ ẹ́ tẹnutẹnu. Tíṣà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni. Ọmọ mẹ́tàdínlọ́gọ́ta ló wà ní kíláàsì rẹ̀, bẹ́ńṣì ò sì tó ìdajì wọn. Bó bá wọlé wa ní àdúgbò Ali Kazaure ní Jos, á bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà, á nà gbalaja sórí ẹní. Èmi tí mo jẹ́ akọ̀wé réluwéè náà ò sàn jù ú lọ. A kàn ń wo ara wa níran ni.

Síbẹ̀, bílẹ̀ Sátidé bá ti mọ́, á tún gbéra, ó di gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn òbí ló bẹ̀ ẹ́ pé kó máa kọ́ àwọn ọmọ àwọn ní Yorùbá, torí Hausa ti gba ẹnu àwọn ọmọ tí a bí sí Jos. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà á kúnlẹ̀ fún ìyá àgbà, á ní "Ina kwana" dípò "Ẹ káàárọ̀." Ìtìjú ńlá ni lójú àwa àgbà, àfi bí ẹni pé àwa kọ́ la bí wọn síbẹ̀.

Ohun tí Ìbílọlá fi ń kọ́ wọn ló dìjà. Mísíìsì Kurup, obìnrin ará Ìńdíà tó ń kọ́ni ní sáyẹ́ǹsì ní sẹ́kọ́ńdírì, ti bá wa gbé ilé kan náà rí. Bí òun àti Ìbílọlá bá jọ ń ṣa ẹ̀wà nírọ̀lẹ́, á máa sọ ìtàn àwọn onímọ̀ ilẹ̀ wọn tí ayé ò fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ orúkọ wọn. Ó sọ ti Anna Mani, tó kọ yẹtí olówó iyebíye lọ́jọ́ ìbí rẹ̀ ní kékeré, tó ní ìwé lòun fẹ́. Ó sọ ti dókítà Dilip Mahalanabis. Nígbà tí Mísíìsì Kurup padà sílé lọ́dún 1983, Ìbílọlá gbé àwọn ìtàn náà lọ fáwọn ọmọ kíláàsì Sátidé rẹ̀, tó jẹ́ pé orin àti ijó sinimá nìkan ni wọ́n mọ̀ mọ́ Ìńdíà.

Bó ṣe ń sọ ọ́ ni wọ́n ń gbàgbé. Ló bá sọ ọ́ di oríkì, wọ́n sì gbé e mì káló:

Dilip ọmọ Mahalanabis,
Omi abẹ́rẹ́ tán, ọgbọ́n ò tán.
Ó fi iyọ̀, ó fi ṣúgà lé ikú lọ,
Ó pomi sínú àgbá, ó gba ọmọ ọlọ́mọ là.

Lucy, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà, ń kì í níbi tó ti ń fọ abọ́ nílé, bàbá rẹ̀ àgbà sì gbọ́. Bàbá yìí, Olúgbóyèga, ni ọ̀gá mi ní réluwéè kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, àwọn sì ni olórí àwọn alàgbà ṣọ́ọ̀ṣì wa. Létí tiwọn, ẹni tí a ò mọ ilé baba rẹ̀, tí a wá ń kì tó báyìí, kí ni ì bá jẹ́ bí kò ṣe òrìṣà? Wọ́n ránṣẹ́ sí wa pé wọ́n máa ti kíláàsì náà.

Inú bí mi, àmọ́ ó tún bọ́ sí i fún mi. Mo ní, "Ìyá Yẹmí, jẹ́ kí wọ́n tì í, kó o rí ọjọ́ kan sinmi."

Ó ní, "Bàbá Yẹmí, ibẹ̀ nìkan ni kì í ti í rẹ̀ mí."

Lọ́jọ́ Ìsinmi, lẹ́yìn ìsìn, a dúró níwájú àwọn alàgbà márùn-ún. Bàbá Olúgbóyèga ní, "Haba, Tíṣà! A ní kó o kọ́ wọn ní Yorùbá, o wá ń kọ́ wọn ní òrìṣà Ìńdíà. Ó yá, kì í ká gbọ́."

Ìbílọlá kúnlẹ̀, ó kì í látòkè délẹ̀. Ó wá ṣàlàyé pé dókítà ni, kì í ṣe òrìṣà. Ogun lé èrò rẹpẹtẹ wọ Ìńdíà, onígbáméjì sì bá wọn. Nígbà tí omi tí wọ́n ń fà sí wọn nínú iṣan tán, dókítà náà po iyọ̀ àti ṣúgà mọ́ omi, ó ní káwọn ẹbí máa fún aláìsàn mu. Ọ̀pọ̀ ló yè.

Bàbá tẹjú mọ́ ọn. "Wọ́n ń fún onígbáméjì lómi mu?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Lọ́dún wo?"

"Ọdún 1971, sà."

Bàbá ṣí fìlà. "Ọdún yẹn ni Olúṣọlá mi lọ. Zawan, nítòsí Jos níbí, la wà. Ọmọ ọdún mẹ́fà. Ó ń bẹ̀bẹ̀ omi, wọ́n sì ti sọ fún wa pé omi ló ń bọ́ àìsàn náà. Èmi gan-an ni mo gba ife lọ́wọ́ ìyá rẹ̀."

Bàbá dé fìlà wọn padà, wọ́n ní, "Máa kọ́ wọn lọ." Àwọn alàgbà yòókù mirí pé àwọn gbà.

Bá a ṣe ń jáde, Bàbá fa ọwọ́ Ìbílọlá. "Tíṣà, ká ní mo fún un ńkọ́?"

"Bàbá, n ò mọ̀, sà. Ọlọ́run ló mọ̀."

Lójú ọ̀nà, inú mi dùn. Mo ní, "Ìyá Yẹmí, o ṣẹ́gun wọn!" Ó jókòó sórí afárá gọ́tà, pẹ̀lú aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì lára rẹ̀, ó fi ọwọ́ bojú.

Ó ní, "Mo parọ́ fún bàbá yẹn. Mo mọ̀."