Ahọ́n Màmá Jàmíù

Tíṣà kẹ́mísírì ni mí, ẹnu mi kì í sì í dákẹ́. Ọdún kọkàndínlógún rèé tí mo ti ń kígbe mọ́ àwọn ọmọ iléèwé pé wọn ò gbọdọ̀ fi nǹkan láàbù kan ẹnu. Kúlúsúmù, aládùúgbò mi ní Oníyanrìn tó ń se ọṣẹ dúdú, ahọ́n ni tiẹ̀ fi ń ṣiṣẹ́.

Á da omi sórí eéru èèpo kòkó, omi náà á máa kán sínú ìkòkò, á fi ìka tọ́ ọ wò, á tutọ́ dànù. Tó bá ta á lẹ́nu débi tó fẹ́, á da àdín sí i. Láti Bẹẹrẹ dé Ọjà'ba, ọṣẹ rẹ̀ ni wọ́n fi ń wẹ ọmọ tuntun.

Nínú Ààwẹ̀ èṣí ni mọ́tò pa Jàmíù, ọmọ kan ṣoṣo tó bí. Kò sunkún. Lẹ́yìn àdúà ọjọ́ kẹjọ, ó padà sídìí ìkòkò. Màmá Jàmíù la máa ń pè é tẹ́lẹ̀, a ò wá mọ èyí tí a ó pè mọ́. La bá ń pè é ní Ìyá Ọlọ́ṣẹ. Ó ń dáhùn.

Lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn, ọṣẹ rẹ̀ bó ẹ̀yìn Mutmainnah, ọmọ tí Jàmíù fi sílẹ̀. Ìyàwó Jàmíù ò pariwo. Ó kàn ní bí irú rẹ̀ bá tún ṣẹlẹ̀, òun á kó ọmọ lọ sọ́dọ̀ ìyá òun l'Òjé. Ọmọ yẹn nìkan ló kù fún Kúlúsúmù láyé. Inú bí mi, n ò tiẹ̀ mọ ẹni tí mo ń bínú sí.

Mo gbé ásíìdì àti kọ́stíìkì wá láti iléèwé, pẹ̀lú ìgò kékeré kan tí omi inú rẹ̀ máa ń pọ́n bó bá ti kan kọ́stíìkì. Mo ní kó jókòó. Mo ṣàlàyé pé ọmọ ìyá ni kọ́stíìkì àti omi eéru, oníjà ni wọ́n, oníjà sì ni ásíìdì. Bí wọ́n bá pàdé níwọ̀n ara wọn, ìjà tán nìyẹn, iyọ̀ àti omi ló máa ṣẹ́kù. Ọṣẹ náà, irú iyọ̀ kan ni, torí ásíìdì wà nínú àdín. Omi eéru tó bá pọ̀jù tí kò rí ẹnì kejì, ara ọmọ ló máa jẹ.

Mo kán omi inú ìgò kékeré yẹn sí kọ́stíìkì, ó pọ́n bí omi sóbò. Mo wá ń kán ásíìdì sí i díẹ̀díẹ̀ títí pípọ́n náà fi lọ. Mo gbé e kaná, omi gbẹ, nǹkan funfun kù sí ìsàlẹ̀.

Kí n tó sọ pé ẹ má tọ́ ọ wò, ó ti fi í sáhọ́n. Ó ń wò mí.

“Hilda, ṣé iyọ̀ nìyí?”

“Iyọ̀ ni, mà. Irú èyí tẹ́ ẹ fi ń sebẹ̀.”

“Ahọ́n mi ò mọ adùn nǹkan kan mọ́. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin ọmọ yẹn ni.”

Odindi ọdún kan, àfojúdá ló fi ń se ọṣẹ, àwa tí a jọ ń gbé ò mọ̀. Mo fi ìgò kékeré náà sílẹ̀ fún un. Mo ní kó máa po ọṣẹ díẹ̀ mọ́ sípíríìtì, kó kán omi inú ìgò náà sí i. Tó bá pọ́n, omi eéru ṣì kù níbẹ̀, kó fi àdín kún un, kó tún un sè. Ó gbà á bó ṣe ń gba gbogbo nǹkan báyìí, kò dùn ún, kò dùn mọ́ ọn.

Lánàá, ó kán an sí ọṣẹ tuntun lẹ́ẹ̀mẹta. Kò pọ́n. Ó gbé Mutmainnah sórí ẹsẹ̀, ìyàwó Jàmíù dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó di táwẹ́lì mú, ó ń wò wọ́n. Kúlúsúmù fọ ẹ̀yìn ọmọ náà dáadáa. Ọmọ ò ké. Èmi ni mo ń sunkún bí òpè, omijé ń ṣàn wọ̀ mí lẹ́nu.

Ó gbójú sókè wò mí, ìfófòó ọṣẹ kún ọwọ́ rẹ̀.

“Ṣé ó níyọ̀ lẹ́nu ẹ?”

“Ó níyọ̀, Màmá Jàmíù.”

Ó ní hẹn-ẹn, ó bu omi sí ọmọ náà lẹ́yìn.