Kọ́ọ̀pù Tí A Kì Í Nù Ní Ilé Ọtí Èbúté

Bí ẹnìkan bá sọ fún yín pé ilé ọtí àwọn ọlọ́kọ̀ ojú omi ní adùn tirẹ̀, ẹ bi í bóyá imú rẹ̀ dí. Èmi mọ ọ̀kan, ní èbúté kan tó kọjá Abígí díẹ̀. Bí mo bá rántí rẹ̀ nídìí oúnjẹ, ṣe ni mo máa ń ti abọ́ síwájú.

Pákó ni wọ́n fi kọ́ ọ, orí òpó ló sì dúró lé, nínú omi. Ihò kan wà láàárín ilẹ̀ pákó náà. Ibẹ̀ ni wọ́n ń tutọ́ sí, ibẹ̀ ni wọ́n ń da egungun ẹja sí, ibẹ̀ náà ni wọ́n ń... ẹ jẹ́ kí n má sọ ọ́ tán, ó lè jẹ́ pé ẹ ń jẹun lọ́wọ́. Ẹja tó bá jẹ ohun tó já bọ́ níbẹ̀ ni ìyá ọlọ́tí ń mú, ni ó ń dín, ni ó ń tà padà fún àwọn tó da nǹkan náà sílẹ̀.

Iṣẹ́ ló gbé mi débẹ̀. Ọdún mẹ́ta ni mo ti fi jókòó sílé ní Àgọ́-Ìwòyè pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí yunifásítì kí wọ́n tó gbà mí gẹ́gẹ́ bíi tíṣà, ní ilé ẹ̀kọ́ kan ní òdìkejì ọ̀sà. Lẹ́tà náà ní bí n kò bá fọwọ́ síwèé kí aago méjì ọ̀sán ọjọ́ náà tó lù, kí n gbàgbé iṣẹ́. Nígbà tí mo dé èbúté, ọkọ̀ kan ṣoṣo ló kù, awakọ̀ rẹ̀ sì wà nínú ilé ọtí.

Mo wọlé. Ògógóró, ẹja jíjẹrà, òógùn àti ìtọ̀ ń ṣe ìpàdé nínú imú mi. Bàbá awakọ̀ náà rí lẹ́tà tó wà lọ́wọ́ mi, ó rẹ́rìn-ín sí mi. Tábà tó ń jẹ ti sọ eyín rẹ̀ di ìpẹtà.

"Tíṣà tuntun, ẹ kú ewu ọ̀nà. Ẹ fẹnu kan kọ́ọ̀pù ká tó wọ omi."

Kọ́ọ̀pù tánganran kan ṣoṣo ló wà fún gbogbo ilé. Àṣà wọn ni pé ẹni tó bá máa wọ ọkọ̀ gbọ́dọ̀ bá awakọ̀ mu nínú rẹ̀, torí pé àwọn tó jọ mu kì í fi ara wọn sílẹ̀ fómi. Bàbá mu tirẹ̀, ó nà án sí mi. Okùn itọ́ kan, tó pọ́n rẹ́súrẹ́sú, so mọ́ etí kọ́ọ̀pù náà, ó ń fà.

Inú ìjọ aláṣọ funfun ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà. Ohun tó le jù tí mo mu rí ni omi àdúrà. Ṣùgbọ́n mo rò pé mo gbọ́n. Mo yọ aṣọ ìnujú mi, mo fi nu etí kọ́ọ̀pù náà yí po.

Gbogbo ilé yíjú sí mi.

"Kí lẹ nù kúrò níbẹ̀?" Bàbá béèrè.

"Eruku ni, bàbá."

"Eruku. Ẹnu mi ló ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò níbẹ̀."

Ìyá ọlọ́tí, tó ń yí ẹja nínú epo, ló là mí lóye. "Ọmọ òkè, ẹni tó bá nu kọ́ọ̀pù lẹ́yìn àgbà níbí, ó ń sọ pé àgbà náà lárùn, tàbí pé ó fi májèlé sí i. Èwo lẹ sọ nínú méjèèjì?"

"N kò sọ ìkankan, mà."

"Aṣọ ìnujú yín ti bá yín sọ ọ́," ọkùnrin kan fèsì láti ìdí ihò, kò tilẹ̀ dá ohun tó ń ṣe dúró.

Bàbá kẹ̀yìn sí mi. Ó ní òun kì í gbé ẹni tó ka òun sí alárùn. Kí n máa lúwẹ̀ẹ́ lọ. Mo dọ̀bálẹ̀ lórí pákó yẹn. Nígbà tí mo dìde, ìpẹ́ ẹja àti ohun kan tí n kò wádìí bá mi dìde. Bàbá kò wojú mi. Aago méjìlá ti kọjá.

"Ohun kan ló ń parí ẹ̀," ìyá ọlọ́tí ní. "Kí bàbá mu, kí wọ́n ṣẹ́ ẹ kù. Kí ẹ mu ìyókù láìnù, títí dé gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀."

Bàbá gbà. Ó gbé tábà láti ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan sí èkejì, ó mu ọtí, ó fi ṣan ẹnu, ó sì dá díẹ̀ padà sínú kọ́ọ̀pù. Mo rí i. Gbogbo wa la rí i. Ègé ewé tábà kan ń yí lójú ọtí náà.

Mo ro ti ìyá mi, tó ti sọ fún gbogbo ìjọ pé ọmọ òun ríṣẹ́ ìjọba. Mo di imú, mo gbé e mì. Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, ooru náà kì í sì í ṣe ti ọtí. Ewé náà lẹ̀ mọ́ òkè ẹnu mi.

"Ó ti parí," Bàbá ní. "Ẹ wọ ọkọ̀, tíṣà mi."

Títí a fi gúnlẹ̀ ni mo ń bì sínú ọ̀sà, tí Bàbá sì ń fọwọ́ kan pa mí lẹ́yìn bí ẹni tó ń rẹ ọmọ lẹ́kún.

Ọ̀gá àgbà ilé ẹ̀kọ́ náà, ọmọ ìjọ Áńgílíkà tí kọ́là rẹ̀ gan, gbóòórùn mi kí n tó kí i. Ó ti àga rẹ̀ sẹ́yìn.

"Ẹ dúró síbẹ̀ yẹn. Ṣé ẹ mu ún ni, àbí wọ́n dà á sí yín lára?"

"Mo mu ún, sà."

"Ẹni tí wọ́n rán wá ṣáájú yín nu kọ́ọ̀pù, ó bínú padà sílé." Ó fi rúlà ti ìwé náà sọ́dọ̀ mi. Aago méjì ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá nígbà tí mo fọwọ́ sí i.

Mo béèrè ibi tí mo ti lè rómi fọ ẹnu.

"Ẹ má wulẹ̀ da ara yín láàmú," ó ní. "Bàbá yẹn náà ló máa gbé yín padà lọ́jọ́ Ẹtì."